Orúkọ Tí Wọ́n Ń Bèèrè

Ọjọ́rú, 13 Fẹ́búárì 1957

Mo tún lọ sí ilé ìwòsàn. Mo parọ́ fún Hẹ́dìmásítà pé ikọ́ ló ń ṣe mí — mo tiẹ̀ húkọ́ díẹ̀ níwájú rẹ̀. Ojú tì mí. Obìnrin ọdún méjìdínláàádọ́ta, tíṣà àwọn ọmọ ínfáǹtì, tó ń húkọ́ èké bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé.

Dókítà tẹ ọmú òsì mi, ó tẹ abíyá. Kókó náà ti le sí i. Ó ní kí n lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n gé e kó tó fọ́ síta. Ó fún mi ní ìwé kan. Ọkọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn kò ní fọ̀bẹ kàn mí. Mo ti fi ìwé náà há inú ìwé yìí. Ibí kò léwu. Ojú Katikíìsì ọkọ mi kò ríran kàwé dáadáa mọ́. Èmi ni mo ń kọ rẹ́jístà ìjọ fún un, èmi náà ni mo sì ń bá a kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdí lẹ́tà: J. Akínọlá.

N kò tíì sọ fún un. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àbámẹ́ta, 16 Fẹ́búárì

Àwọn obìnrin méjì kan wà tí mo máa ń bá lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá tí wọ́n ti ń wẹ egbò. Ọ̀kan ni Ìyá Bámgbóyè, ahunṣọ, ọmọ Ìgbẹmọ, tó ń bẹ nílé ọkọ ní ilé Adébíyìí níhìn-ín ní Adó. Ọmú tirẹ̀ ti fọ́. Ìkejì ni Nímọ́tà, aránṣọ, ọmọ Ọ̀fà, àdúgbò Òkè-Ìlá ló ń gbé. Wọ́n ti gé tirẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún méjì sẹ́yìn. Apá rẹ̀ tó ń wú ló ń gbé e wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń jókòó tì wọ́n tí mò ń húkọ́. Lónìí Nímọ́tà yíjú sí mi. Ó ní, "Tíṣà, ikọ́ yín yìí, ṣé ọmú ni ẹ fi ń hú u?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, omi náà kò sì dá mọ́. Ìyá Bámgbóyè fi etí ìró rẹ̀ nù mí lójú. Àwọn ni mo kọ́kọ́ sọ fún láyé.

Àìkú, 17 Fẹ́búárì

Katikíìsì wàásù. N kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ọjọ́rú, 20 Fẹ́búárì

A ti di ẹgbẹ́. Nímọ́tà ló sọ wá lórúkọ — Ẹgbẹ́ Orí Bẹ́ǹṣì. Ó fi ara rẹ̀ jẹ Ìyálóde, ó fi mí jẹ akọ̀wé, ó ní Ìyá Bámgbóyè ni baba ìsàlẹ̀. Ìyá Bámgbóyè ní irú ẹgbẹ́ wo nìyí tí kò ní àsè. Nímọ́tà ní a ó máa jẹ ẹ̀pà. Ó sì mú ẹ̀pà wá lóòótọ́.

Nímọ́tà mọ nǹkan ju nọ́ọ̀sì lọ. Omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ la fi ń ṣan egbò. Kí a gún eédú, kí a dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, kí a fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú lábẹ́ ẹ̀wù — ó máa ń fa òórùn mu. Ó rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ olówùú fún Ìyá Bámgbóyè, tí ẹ̀gbẹ́ kan fi dọ́gba pẹ̀lú ìkejì. Ìyá Bámgbóyè fún wa ní àbọ̀ aṣọ kíjìpá funfun, ògbólógbòó, tó ti rọ̀, pé ọjọ́ ń bọ̀ tí a óò fi di àyà. Èmi ni mi ò ní nǹkan tí mo mú wá. Mo ka lẹ́tà tó wá láti ọ̀dọ̀ Bámgbóyè ní Jọ́ọ̀sì fún ìyá rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ajé, 25 Fẹ́búárì

Mo yà sí ilé Adébíyìí lẹ́yìn ilé ìwé. Wọ́n ti gbé Ìyá Bámgbóyè kúrò ní yàrá rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló wà báyìí, níbi tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí, òun pẹ̀lú òfì rẹ̀. Aṣọ tó ń hun wà lórí òfì náà, kò ju ìdajì lọ. Adéfúnkẹ́, ìyàwó tí ọkọ fẹ́ tẹ̀lé e, gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fẹ̀yìn rìn kúrò.

Ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé ni pé àìsàn tó bá ń jẹ ọmú obìnrin, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Wọ́n ní ọwọ́ àjèjì ló kàn án, tí obìnrin náà sì gbé e mì. Kò ní jinná títí yóò fi dárúkọ onítọ̀hún. Nítorí náà wọ́n ń bi í. Láàárọ̀, ta ni? Nírọ̀lẹ́, ta ni? Adébíyìí alára ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi aya tó bí ọmọ mẹ́fà fún un. Ìyá Bámgbóyè ní kò sí. Wọ́n ní agídí ló ń ṣe.

Mo bínú délé. Mo sọ ọ́ fún Katikíìsì, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lásán ni. Ó mi orí, ó ní òkùnkùn ṣì bo ayé. Ìyẹn dùn mọ́ mi.

Ọjọ́rú, 27 Fẹ́búárì

Ìyá Bámgbóyè kò lè dé orí bẹ́ǹṣì mọ́. Àwa la lọ bá a. Nímọ́tà ṣan egbò, mo di abọ́ omi mú. Mo ti pinnu pé n kò ní wò ó. Mo wò ó. Mo wá mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá mi.

Àbámẹ́ta, 2 Máàṣì

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá Bámgbóyè bi mí lónìí. Ó ní, "Tíṣà, ùwọ lo mọ̀wé. Uyà yìí ti tó mi. Kí ni kí n wí fún wọn nínú ulé yìí kí wọ́n jẹ́ kí n sùn?" Mo ní kó dárúkọ ọkùnrin kan tó ti kú. Òkú kò ṣe é nà, kò ṣe é pè lẹ́jọ́, ìyàwó rẹ̀ kò sì ní wá jà. Wọn yóò gbọ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbọ́, wọn yóò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ó dà bí ọgbọ́n lẹ́nu mi.

Nímọ́tà dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Tíṣà, ẹyin lohùn o." Mo ní ṣé ó sàn kí wọ́n máa bi í bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi kú? Ó padà sídìí egbò.

Ọjọ́rú, 6 Máàṣì

Lẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀. Ìyá Bámgbóyè ti dárúkọ — adẹ́mu kan tó já lórí ọ̀pẹ kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó ní òun sùn láti alẹ́ Ajé di ọ̀sán Ìṣẹ́gun, kò sí ẹni tó jí òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run má bi mí.

Ẹtì, 8 Máàṣì

Wọn kò gbé oúnjẹ fún un mọ́. Adéfúnkẹ́ fọ́ àwo tó ń lò mọ́ ògiri. Nímọ́tà ló ń gbé ẹ̀kọ wá láàárọ̀, èmi ni mò ń gbé tìrọ̀lẹ́.

Èyí tó burú jù — Ìyá Bámgbóyè gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri. Wọ́n ní obìnrin tó bá wẹ òkú panṣágà tó jẹ́wọ́, àìsàn náà yóò bọ́ sí ọmú tirẹ̀. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ní wẹ̀ ẹ́. Ẹní ni wọn yóò fi dì í, wọn yóò sì gbé e padà sí Ìgbẹmọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú egbò rẹ̀, kí àwọn èèyàn rẹ̀ wò ó. Ó ní ikú kò ba òun lẹ́rù. Ó ní, "Èmi ni mo hun aṣọ tí wọ́n fi sin gbogbo òkú ulé yìí. Kí èmi wá lọ láìwẹ̀?" N kò rí ibi gbé ojú sí. Èmi ni mo fi irọ́ yẹn sí i lẹ́nu.

Nímọ́tà fa ọwọ́ mi, ó gbé e lé tirẹ̀, ó gbé méjèèjì lé ti Ìyá Bámgbóyè. Ó ní àwa ni a ó wẹ̀ ẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo búra.

Lójú ọ̀nà Nímọ́tà bi mí pé nígbà tí wọ́n bá bèèrè ohun tó pa wá pọ̀ mọ́ òkú wọn ńkọ́? "Ṣé ẹ óò dáhùn, àbí ẹ óò húkọ́?"

Ìṣẹ́gun, 12 Máàṣì

Orí ọmú mi ti wọlé. Mo gbé ìwé dókítà sórí tábìlì Katikíìsì. Mo mú un kúrò kó tó dé láti ibi ẹ̀kọ́ ìrìbọmi.

Ọjọ́bọ̀, 14 Máàṣì

Mo tún gbé e síbẹ̀. Mo tún mú un.

Ọjọ́rú, 20 Máàṣì

Ìyá Bámgbóyè kò jẹun mọ́. Ó ń wò wá ṣá. Ó fi ìka méjì di etí ìró mi mú, ó ra á wò bí oníṣòwò. "Aṣọ burúkú," ó ní. Ohun kan ṣoṣo tó sọ lónìí nìyẹn. Nímọ́tà rẹ́rìn-ín, ó wá jáde síta lọ sunkún.

Ẹtì, 22 Máàṣì

Ìyá Bámgbóyè kú láàárọ̀ yìí.

Àbámẹ́ta, 23 Máàṣì

Mo lè kọ ọ́ báyìí.

Nímọ́tà ránṣẹ́ sí mi nílé ìwé. N kò parọ́ fún Hẹ́dìmásítà. Mo ní ẹni mi kan kú. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní àgbàlá, lọ́rì Ìgbẹmọ sì ti wà níta. Àwọn obìnrin ilé tò sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, Adéfúnkẹ́ ló ṣáájú wọn. Nímọ́tà ti gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn tirẹ̀ dání. Adéfúnkẹ́ ní, "Ẹ padà. Kí ló kàn yín nínú ulé onílé?"

Nímọ́tà ní ọ̀rẹ́ àwọn ni, àìsàn kan náà ló ṣe àwọn. Ó fi àpá rẹ̀ hàn wọ́n. Obìnrin kan kọ háà, ó ní ta ló mọ ìwà tí ọmọ Ọ̀fà hù kó tó dé Adó? Nímọ́tà, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ, fa aṣọ bo àpá náà.

Gbogbo wọn wá wò mí. Ìyàwó Katikíìsì. Èmi tí mo kọ́ ọmọ wọn ní A-B-D.

Mo tú bọ́tìnnì ẹ̀wù mi. Mo bọ́ apá òsì sílẹ̀. Mo ní, "Èmi náà rè é. Ẹ bi mí. Ẹ ní, ta ni?" Mo ní èmi ni mo kọ́ Ìyá Bámgbóyè ní irọ́ tó pa, nítorí pé ẹ kò jẹ́ kó sùn. Kò mọ adẹ́mu kankan. N kò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ èyí. Ọmú mi ni wọ́n ń wò.

Adéfúnkẹ́ yí padà, ó wọ ilé ìdáná lọ. Mo rò pé ó sá ni. Ó pẹ́ díẹ̀, ó gbé omi gbígbóná jáde nínú ìkòkò ńlá, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa. Kò wọlé, àmọ́ ó yẹra lọ́nà.

A wẹ̀ ẹ́. Orí, ọrùn, apá. A ṣan ọmú náà pẹ̀lú omi iyọ̀, bó ti fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó wà láàyè, kó má baà ta á. Nímọ́tà di eédú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ olówùú fún un, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì dọ́gba. Nímọ́tà fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ gé aṣọ tó wà lórí òfì kí a fi dì í. Kò gùn tó. Mo bọ́ ìró mi — aṣọ burúkú náà — mo fi kún un kí wọ́n tó gbé e sínú lọ́rì. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni mo fi rìn délé, ìborùn Nímọ́tà lórí rẹ̀.

Àìkú, 24 Máàṣì

Katikíìsì kò wàásù lónìí. Ó ní ọ̀fun ń dun òun. Gbogbo ìjọ ló ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga tí mo wà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mo gbé ìwé dókítà fún un, mo kà á sí i létí. Ó gbọ́ ọ tán. Ó sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú, èyí tí kò ṣe láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ̀. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Mo tilẹ̀ ń dá ara mi lẹ́bi pé mo fi pamọ́ fún un.

Ó ní kí n gbé kálámù àti tàdáwà wá. Mo gbé e wá. Ó ti kálámù bọ tàdáwà, ó gbé ọwọ́ sókè lórí ìwé, ó dúró. Ó ní òun kò ní bínú. Ó ní Ọlọ́run ń dárí jini, òun náà yóò dárí jì mí, òun kàn fẹ́ mọ̀ kí òun tó fọwọ́ sí i ni. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tó ń fẹ́ mi. "Monínúọlá, ta ni?"

Mo ní kò sí.

Ó gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní Ìyá Bámgbóyè náà kọ́kọ́ wí bẹ́ẹ̀.

Ajé, 25 Máàṣì

Ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà òwúrọ̀. Ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì, kálámù lórí rẹ̀, bó ṣe fi í sílẹ̀ lánàá. Nímọ́tà ń dúró dè mí níbi tí lọ́rì Ìbàdàn ti ń kó èrò. Ó ní òun mọ wọ́ọ̀dù náà, òun mọ nọ́ọ̀sì tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, òun kò ní padà wá láìsí mi.

Mo lè dárúkọ òkú kan fún Katikíìsì. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, èmi ni mo kọ́ ẹlòmíràn. Yóò fọwọ́ sí i kí tàdáwà tó gbẹ.

Mo mú kálámù. Mo kọ orúkọ sí ìdí ìwé náà bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ sí lẹ́tà ìjọ láti ọdún mẹ́rin wá: J. Akínọlá. N kò ní orúkọ ọkùnrin mìíràn tí mo lè kọ.