Oko Ìkún Kì í Ṣe Oko Ikún

Bọ́lájí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Àbújá, ìwọ àti ìyàwó ọ àti àwọn ọmọ? Ẹni tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní já ọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ kò ní gbàgbé ọ̀nà ilé, ariwo ìlú ńlá kò sì ní dí ọ létí. Àmín. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìkẹ́rẹ́, a dúpẹ́. Òjò ń rọ̀ dáadáa, iṣu ti hù, orúnkún tó ń dùn mí ti rọlẹ̀ díẹ̀, ewúrẹ́ tí o rà fún mi sì ti bí akọ kan, abo kan. Akọ yẹn kò gbọ́ràn rárá, orúkọ ọ ni mo fún un. Gbémi, ìyàwó Fẹ́mi ọmọ àbúrò bàbá ọ, ní kí n kí ọ. Oyún inú ẹ̀ ti hàn sí gbogbo ayé báyìí, bó bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ikùn ni à ń kọ́kọ́ kí.

Mo ti kí ọ tán. Ìbínú ló kù, kí o jókòó kí o gbà á.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, a jókòó sí kíláàsì Bíbélì àwọn ìyá, ọ̀rọ̀ Nóà la ń kà. Tinúkẹ́ tó ń darí wa dìde, ó ní ẹ̀yin ìyá, ẹ fetí sílẹ̀, ọmọ Ìyá Bọ́lájí wà nínú fóònù mi o, ọ̀rọ̀ ìkún omi yìí gan-an ló ń sọ. Inú mi dùn, mo tún gèlè mi ṣe kí o tó rí mi. Wọ́n gbé fóònù náà ti Bíbélì, ojú ọ yọ, mo dìde, mo kí ọ, mo béèrè àwọn ọmọ, o kò dá mi lóhùn. O kàn ń sọ̀rọ̀ lọ, níwájú gbogbo ìyá ìjọ! Tinúkẹ́ ní kí n má bínú, pé o kò rí mi. Mo ní báwo ni kò ṣe ní rí mi, ojú ẹ̀ nìyí tó ń wò mí kòrókòró. Mo jókòó, mo gbé e mì.

O ní kì í ṣe ilé Nóà nìkan ni ìtàn ìkún omi ti wá. O ní àwọn ará àtijọ́ kan wà láàárín odò ńlá méjì, tí wọ́n ti ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ọkọ̀ wà nínú tiwọn, ẹyẹ tí wọ́n rán jáde náà wà níbẹ̀, àti pé àwọn tó ń walẹ̀ rí ẹrẹ̀ odò tó nípọn lábẹ́ ìlú wọn. O ní láyé ijọ́un, yìnyín tó bo ilẹ̀ òtútù yọ́, òkun ru sókè, ó sì gbé abúlé àwọn ará etí òkun mì. O ní àwọn mìíràn rí ìkarahun ẹran òkun lórí òkè, ni wọ́n bá rò pé omi ti bo òkè náà rí. Tinúkẹ́ ní àbí omi náà bo Olósùnta ni. Ìyá kan ní bí omi bá lè bo àpáta ńlá yẹn, a jẹ́ pé kò sí ẹni tó ṣẹ́kù ní Ìkẹ́rẹ́ tó máa rán ẹyẹ jáde. Ó pẹ́ tí èmi náà ti ń ka ọ̀rọ̀ Nóà yìí lórí ibùsùn mi, tí mo ń bi ara mi pé níbo ni gbogbo omi yẹn gbà lọ nígbà tó fà. Ṣùgbọ́n mi ò béèrè níta rí. Ìbéèrè tí ìyá ọ ń gbé pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí ni o ń fi ẹnu gbogbo ayé béèrè.

Èyí kò bí mi nínú tó ohun tí o ṣe tẹ̀lé e. O gbé ìtàn ilé bàbá ọ síta. O ní Ìyá Àgbà, ìyá bàbá ọ, sọ fún ọ pé nígbà kan agboolé wa wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní Oko Ìkún. Àlejò kan wá ní ọ̀sán gangan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó tọrọ omi. Ìyàwó ilé kan tó ní omi kún ìkòkò ní omi ti tán. Àlejò náà ní ó dáa, omi tí o ní ó tán yìí yóò wá ọ wá. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò dá, odò wọlé tọ̀ wọ́n wá, àwọn tó sá gun ẹ̀gbẹ́ àpáta nìkan ló kù, àwa la jẹ́ ọmọ wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í fi í kọ́lé síbẹ̀, kókò nìkan là ń gbìn, tí a kì í sì í sọ nínú ilé wa pé omi tán. Bí ìkòkò bá gbẹ kanlẹ̀, a ó ní omi ń bọ̀.

O sọ gbogbo ẹ̀, o sọ ọ́ dáadáa, omi fẹ́ bọ́ lójú mi. O wá rẹ́rìn-ín. O ní kò sí àlejò kankan, kò sí èpè kankan, àwọn àgbà ló fi àlejò sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ dúró. Ẹnu ọ là sílẹ̀, ojú ọ kan dì, èkejì là, o wá dà bí ẹni tó fẹ́ sín. Tinúkẹ́ ní dátà òun ti tán. Mo ní kí ó bu díẹ̀ sí i lára ti ẹlòmíràn, ṣebí bí a ti ń ṣe kẹrosíìnì nìyẹn. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Kí n tó délé, Bàbá Fẹ́mi ti gbọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé ó pẹ́ tí àbúrò bàbá ọ ti ń fojú sí Oko Ìkún. Ó ti kó búlọ́ọ̀kù síbẹ̀, ó fẹ́ kọ́lé fún Fẹ́mi àti Gbémi, wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ da kọnkéré. Èmi nìkan ni mo ń sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Ó pe ẹbí jọ, ó ní ìyàwó wa, ẹ gbọ́ o, ọmọ yín tó kàwé ti sọ pé irọ́ ni. Mo ní Ìyá Àgbà kì í purọ́. Ó ní ẹ̀yin tí a fi owó orí fẹ́ wá, kí lẹ mọ̀ nípa ilẹ̀ wa? Bọ́lájí, inú ilé yìí ni irun mi ti funfun! Èmi ni mo tọ́jú ìyá wọn títí ó fi kú, ẹnu ẹ̀ sí etí mi.

Ó tún ní kí Fẹ́mi gbé fóònù wá kí n wo orúkọ tí o kọ síbẹ̀. Mo wò ó. ITAN OKO IKUN. Kò sí àmì kankan lórí ẹ̀, ó rí bí adìẹ tí wọ́n hú níyẹ̀ẹ́. Bàbá Fẹ́mi ní ẹ rí i, ikún ni, ẹran ikún tó ń jẹ ẹ̀pà lóko, ìgbà wo ni ikún wó ilé ẹnikẹ́ni? Gbogbo wọn pa ẹ̀rín. Ta ló kọ́ ọ láti kọ Yorùbá láìfi àmì sí i? Èmi kọ́! Ẹni tó bá wù ú lè kà á sí ikùn tí oúnjẹ ń lọ, ẹlòmíràn lè kà á sí ikun imú. Ìyá Àgbà kò sì pè é ní ti ẹran rí. Ùkún ló ń pè é, bí a ti ń pe ilé ní ulé ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, tí a ń pe iṣu ní uṣu, ó máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, á wá gbé e sókè ní ìparí, bí omi tó ń ru.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìtẹ̀ka. Fẹ́mi ní àwọn tó ti fi àtàǹpàkò sí ọ̀rọ̀ ọ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀rù bà mí. Ẹgbẹ̀rún èèyàn tẹ̀ka sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa, tí wọn kò bi opó tó wà nílé! Ọmọ ta ni wọ́n? Ṣé o ti tà á ni? O tún ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tẹ agogo. Mo bi ẹni tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó búra pé ẹnikẹ́ni kò wá bá òun. Fẹ́mi tún ṣí máàpù inú fóònù, ó ní kò sí odò nítòsí ibẹ̀. Mo ní ta ló ya máàpù náà. Ó ní láti ojú ọ̀run ni wọ́n ti yà á. Mo ní ẹni tó wà lójú ọ̀run tó ń wo oko olóko, tí kò kí ẹnikẹ́ni, olè ni.

Gbémi ló wá bá mi ní ilé ìdáná. Ó ní Màmá, ọ̀rọ̀ bùrọ̀dá Bọ́lájí kò tíì tán níbi tó dúró sí, òun ní dátà díẹ̀. A jókòó ti ààrò, a gbọ́ ìyókù. Ni mo wá gbọ́ ọ tí o ní àlejò lè má sí, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí omi náà wà lóòótọ́, pé ìtàn irú ìyẹn lè jẹ́ bí àwọn tí kò kọ ìwé ṣe ń rántí ibi tí omi ti pa wọ́n rí. Mo lu itan mi pàá. Kí ló dé tí ìyẹn fi wà ní ìdí agbọ̀n? Bí ilé bá ń jó, ṣé o máa kọ́kọ́ sọ ìtàn ẹni tó ṣáná ni? Omi lo yẹ kí o fi ṣáájú, kí àlejò tẹ̀ lé e!

Gbémi ní òun náà rí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀, ilẹ̀ dúdú ni wọ́n kọ́kọ́ bá, lábẹ́ ẹ̀ ni yanrìn funfun, yanrìn odò, pẹ̀lú òkúta tó ń dán bí èyí tí omi ti fọ̀ fún ọdún gbọọrọ. Odò sì jìnnà síbẹ̀. Gbémi fi han Bàbá Fẹ́mi. Ó ní ẹ ṣeun Olúwa, a ò ní ra yanrìn mọ́. Ó fẹ́ fi yanrìn náà po sìmẹ́ǹtì! Ìtàn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ń fi ṣọ́bìrì kó o.

Kí n sọ òótọ́ fún ọ, èmi náà kò fi gbogbo ara gba ti àlejò yẹn. Mi ò rí ìdí tí àwọn ọmọ ọwọ́ fi máa bómi lọ nítorí ife omi kan tí ẹlòmíràn fi ṣahun. Ṣùgbọ́n mo rò ó títí: ọmọ kì í bẹ̀rù odò tó ti fà, ó máa ń bẹ̀rù ẹni tí ìyá ẹ̀ ṣẹ̀. Bóyá ìdí tí wọ́n fi fi àlejò síbẹ̀ nìyẹn, kí a má baà gbàgbé. O ti lé àlejò lọ báyìí, ẹ̀rù sì ti bá a lọ, búlọ́ọ̀kù ló kù níbẹ̀. Mo sọ èyí fún wọn, wọ́n kọ etí ikún sí mi. Nílé yìí, ìwọ ọmọ àkọ́bí bàbá ọ ni wọ́n máa gbọ́.

Nítorí náà, owó tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ kì í ṣe ti ẹja, kì í sì í ṣe ti oògùn orúnkún. Ti dátà ni. Dátà tó gùn ni kí o rà, kì í ṣe èyí tó máa ń tán láàárín ọ̀rọ̀, kí n lè gbé fóònù síwájú ẹbí lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ dé òpin. Fi àmì sí Ìkún náà, méjèèjì. Kí o sì dá ìtẹ̀ka àwọn èèyàn yẹn padà fún wọn. Bí o bá lè wá fúnra ọ, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, màá gún iyán fún ọ.

Olúwa á fi ọkọ̀ hàn ọ́ kí òjò tó ṣú. Omi tó ń gbé èèyàn kò ní mọ ẹnu ọ̀nà ọ, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò sì ní kúrò lọ́dọ̀ ọ láìmu. Ilé tí o bá kọ́, inú ẹ̀ ni wàá darúgbó sí.

Gbémi jókòó tì mí bí mo ti ń kọ èyí, ó di ikùn ẹ̀ mú. Ó ní ṣé bùrọ̀dá Bọ́lájí máa wá. Mo ní ó ń bọ̀. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ irú èyí tí à ń sọ nílé wa nígbà tí ìkòkò bá gbẹ.

Èmi ni ìyá ọ,
Florence