Ẹjọ́ Tí Mo Pè Nítorí Hùmúàní

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Àdúgbò Òkè-Ọjà,
                                        Ìjerò-Èkìtì,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        14 Oṣù Karùn-ún, 1984.

Ọládipọ̀, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Dorcas, mo kí àwọn ìbejì. Ṣé wọ́n ti ń rìn? Àyà tó ń dun ìyá rẹ ńkọ́, ṣé oògùn Àkúrẹ́ náà bá wọn lára mu? Ara tiwa le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ìwé kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ rèé. Mo ti ya méjì dànù.

O rántí Simiat, ọmọ Ẹ̀fọ̀n tí a jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Bàbá rẹ̀ ní òun kò lè fi ọmọ Mùsùlùmí fún onígbàgbọ́, ó sì fà á lé Dáúdà tó ń ta pákó lọ́wọ́. Wọ́n ti gbé mi lọ kọ́ni ní Ìkọ̀lé nígbà náà; n kò mọ̀ pé ó ti lóyún fún mi. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Simiat kú. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá bá mi ní ilé ìwé. Ó ní àbúrò òun jẹ́wọ́ kí ó tó kú: èmi ni mo ni Hùmúàní, àkọ́bí rẹ̀.

Mo lọ wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ihò kékeré tó wà lẹ́bàá etí mi, tó wà létí bàbá mi, ó wà létí tirẹ̀ náà. Ìyá mi tí mo mú dání bú sẹ́kún: "Ọmọ ulé wa nìyí!" O mọ̀ pé ó di ọdún mẹ́sàn-án tí èmi àti Grace ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ. Ìyá mi kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Mo pe Dáúdà lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀.

Ọjọ́rú tó kọjá ni wọ́n gbọ́ ọ. Mo rojọ́ bí olùkọ́, mo ń tọ́ka sí etí mi. Alága kóòtù wá bi Dáúdà bóyá ó mọ̀ pé ọmọ náà lè má jẹ́ tirẹ̀.

"Mo mọ̀, Olúwa mi," ó dáhùn. "Ìyá rẹ̀ ti sọ fún mi kí ọmọ tó dáyé. Mo ní kó má tún sọ ọ́ mọ́."

Alága ní lójú òfin, ọkọ ló ni ọmọ tí ìyàwó bá bí sílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà ní ẹnu tirẹ̀. Ó sún ìdájọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì.

Òjò ti ń ṣú nígbà tí a jáde. Dáúdà wá bá mi. Mo múra ìjà, àṣé kì í ṣe ìjà ló bá wá.

"Tíṣà," ó ní, "bí wọ́n bá gbé ọmọ náà fún yín, ààrá máa ń já a láyà. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ nínú yàrá. Ẹ má sì fún un ní ẹ̀wà lálẹ́, inú máa ń run ún."

Ó wojú ọ̀run, ó ní ọmọ náà nìkan ló wà nílé, ó sì di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó ń sáré tì í gun òkè lọ.

Ọládipọ̀, n kò mọ ohun tí ọmọ mi ń bẹ̀rù! Ní ọjọ́ kejì mo padà lọ bá akọ̀wé kóòtù, mo ní mo jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n kọ ìdí rẹ̀. Mo jókòó títí kí n tó kọ ọ́: "Ọmọ náà ní baba."

Ìyá mi bínú gan-an. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ, ta ni yóò wá sin mí? Láti ìgbà náà, wọn kò dá mi lóhùn. Grace kò dá mi lẹ́bi, kò sì yìn mí. Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tú aṣọ kékeré kan tó ti ń rán fún ọmọ náà.

Àná ni Dáúdà ránṣẹ́. Ó ní òun yóò mú Hùmúàní wá kí wa ní Sátidé, kí n sọ ohun tí ọmọ náà yóò máa pè mí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rìn káàkiri ilé. Bùọ̀dá? Tíṣà? Bàbá Ìjerò? Èyí tí mo fẹ́ gan-an, ẹlòmíràn ló ń jẹ́ ẹ.

Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Àkúrẹ́ ni mo fi ìwé yìí rán. Jọ̀wọ́, fi èsì lé e lọ́wọ́ kí Sátidé tó dé. Kí Dorcas àti ìyá rẹ, kí o sì gbé àwọn ìbejì jó fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Akíntúndé Ògúntóyè.