Ẹ̀rọ Géèmù Tí O Tà Lẹ́yìn Mi

Òkè-Ogbó,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹjọ, ọdún 1998.

Ọpẹ́yẹmí, àbúrò mi,

O kú iṣẹ́ Ìbàdàn o. Ṣé ara ń le, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Gbogbo àwa tó wà nílé ń mí, a sì ń jẹun, a ò ní ẹjọ́ kankan tí a fẹ́ bá Ọlọ́run rò. Ìwọ ni mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá rò, torí náà wá ibi kan jókòó sí kí o tó máa kà á lọ.

Ẹ̀rọ tuntun tí o fi ránṣẹ́ dé láìfọ́. O ṣeun. Ìwé tí o fi sínú páálí rẹ̀ náà dé, èyí tí o fi ní kí n palẹ̀ ẹ̀rọ oníkásẹ́ẹ̀tì mọ́, pé Lágúnjú ọ̀rẹ́ rẹ, èyí tó ń wa mọ́tò ní Ìpetumodù, ń bọ̀ wá gbé e, pé o ti tà á fún un. Ta lo bi? Èmi tí mo ń ṣí ilé géèmù yìí láràárọ̀, tí mo ń gbá a, tí mo ń làjà inú rẹ̀, ṣé mi ò tó ẹni tí wọ́n ń bi ni? Ìwọ lo rà á lóòótọ́ nígbà tí o wà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ ọ́ di nǹkan tí àwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wá sí Òkè-Ogbó. Olè jíjà ni mo ń pe ohun tí o ṣe yẹn. Mi ò tíì rí orúkọ mìíràn tó bá a mu.

O kọ ọ́ pé àwòrán ẹ̀rọ àtijọ́ pẹlẹbẹ, pé kò ní ẹ̀yìn, pé ti tuntun ṣeé yí po bí èèyàn gidi, pé ayé ti kúrò níbi tí mo wà. Mo gbọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní nǹkan kan nípa ẹ̀rọ, ojú ara mi ni mo fi ń wò ó. Torí náà mo gbé méjèèjì sínú yàrá kan náà, tẹlifíṣọ̀n kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èyí ló dáa, tọ̀hún ni ò dáa.

Àwọn ọmọ yunifásítì sáré lọ sí ìdí tuntun, mi ò ní purọ́ fún ọ. Eré mọ́tò tó wà nínú ẹ̀ dáa. Títì ń ká bọ̀ wá bá ọ, òkè ń yọ lókèèrè, bí mọ́tò bá yí, o ń rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, o ń rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò fúnra rẹ̀ ti jọ páálí tẹ́lẹ̀. Kí ló ṣòro nínú kí wọ́n fi igun lẹ̀ mọ́ igun kó di mọ́tò? Èèyàn ni kí wọ́n ṣe kí n rí i.

Wọ́n ṣe é, mo sì rí i. O mọ géèmù oníjà tí Àníkẹ́, aránṣọ òdìkejì wa, máa ń fi ọkùnrin arúgbó onírùngbọ̀n funfun yẹn jà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Bàbá kan náà wà nínú sídì tí ẹ̀rọ tuntun ń lò. Mo pe Àníkẹ́ kó wá wò ó. Ó dúró, ó wò ó títí, ó ní, "Àǹtí Mojíre, ta ló gbẹ́ bàbá mi báyìí?" Ọwọ́ rẹ̀ dà bí páálí ṣúgà, ìka kan ò yà kúrò lára ìkejì. Irùngbọ̀n rẹ̀ le gbagidi bí ìgbà tí wọ́n fi ìṣó kan pákó mọ́ ọn lágbọ̀n. Ojú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lórí ò ṣẹ́. Fáníyì tó ń tún rédíò ṣe wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Fi í sílẹ̀ jàre, ó ti kú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tẹ́ ẹ ni." Ẹ̀rín gba gbogbo yàrá.

Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, àmì kéékèèké ni Bàbá. Bí o bá fi imú kan tẹlifíṣọ̀n, àmì wọ̀nyẹn nìkan ni wàá rí, onígun mẹ́rin, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì bí ìlẹ̀kẹ̀. Sún sẹ́yìn dé orí bẹ́ǹṣì, àgbàlagbà ló dúró síwájú rẹ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ fọwọ́ kan páàdì tí a fi ń darí rẹ̀, ó ń mí. Àyà rẹ̀ ń gbéra, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì, etí aṣọ rẹ̀ ń fẹ́. Ẹnì kan jókòó níbì kan, ó ro ibi tí àmì ojú rẹ̀ máa wà, bó bá ṣì í fi síbòmíràn, Bàbá á di afọ́jú. Ọwọ́ èèyàn ló wà nínú ìyẹn. Ti tuntun, ńṣe ni wọ́n dá igun fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ń yí i kiri.

Nǹkan kan tún wà tí ìwọ ò rò. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, ẹnì kan dúró lápá òsì, ẹnì kan lápá ọ̀tún, Ìyá Olúbùnmi tó ń ta ẹ̀pà lójú fèrèsé mọ ẹni tí wọ́n ń lù, òun ló tiẹ̀ máa ń kọ́kọ́ pariwo. Nínú ti tuntun, gbogbo rẹ̀ ń yí. Ẹni tó kọjú sí ọ ni o, ẹni tó kẹ̀yìn sí ọ ni o, ẹni tó mú páàdì lọ́wọ́ nìkan ló mọ̀. Ìyá Olúbùnmi ní òòyì ń kọ́ òun, ó gbé ọpọ́n ẹ̀pà rẹ̀ kúrò. Ẹni tó ń ta géèmù nìkan lo rò, o ò ro ti àwọn tó ń wò ó.

Lọ́jọ́ Sátidé, Lágúnjú dé. Mi ò dá a dúró, mo ní kó wọlé kó gbé ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àníkẹ́ ló wà lórí àga. O mọ òfin ilé wa, ìwọ fúnra rẹ lo fi lélẹ̀: ẹni tó bá borí ló ni àga, wọn kì í pa ẹ̀rọ mọ́ ẹni tí wọn ò tíì lù lórí. Bí iná bá lọ, tàbí tí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà ló máa padà jókòó síbẹ̀ láàárọ̀. Lágúnjú nawọ́ sí wáyà, gbogbo yàrá kígbe. Fáníyì ní, "Bọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ lù ú kẹ́ ẹ tó gbé e. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí." Lágúnjú rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Obìnrin yìí? Kò ní pẹ́."

Ó pẹ́. Àníkẹ́ lù ú, ó tún lù ú, kò bínú, kò sì ṣàánú. Ó ń bi í pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ta géèmù ní Ìpetumodù ni?" Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, Lágúnjú lọ lọ́wọ́ òfo. Ó padà dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bó bá ń dúró kó kàn án, á lọ sí ìdí ẹ̀rọ tuntun lọ wa mọ́tò. Ìka Àníkẹ́ ló ń wò tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, mo rí i tí ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, tó lọ sára Bàbá. Kí Bàbá tó ta ẹsẹ̀, apá aṣọ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbéra díẹ̀. Lágúnjú rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra. Ó sì lu Àníkẹ́.

Ó fò dìde, ó tún nawọ́ sí wáyà. Àníkẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó, bọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ ni àga báyìí." Lágúnjú wò mí. Mo wo ògiri. Ó jókòó, ó lu Fáníyì, ó lu ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó wá yé e pé bí òun bá ń borí, òun ò lè pa ẹ̀rọ, bí wọ́n bá sì lu òun, ẹlòmíràn á gba àga. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ti mú mi." Mo ní èmi ò mú ẹnikẹ́ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ta nǹkan láìbi ẹnikẹ́ni ló dè é mọ́lẹ̀.

Ó wò yíká yàrá, ó ní, "Bí mo bá tiẹ̀ gbé e lọ sí yàrá mi, ta ló máa pariwo?" Ojú rẹ̀ ń lọ sí ìdí ẹ̀rọ tuntun bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀rọ ló rà, ẹ̀rọ ló máa gbé lọ. Mo dá ti tuntun padà sínú páálí, mo fi sídì mọ́tò àti ti oníjà lé e, ó gbé e sínú mọ́tò rẹ̀, ó ń kọrin lọ. Bàbá onípákó bá a lọ.

Mo mọ̀ pé wàá ní mo fi nǹkan rẹ tọrẹ láìbi ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bi ọ́. Bó ṣe ń rí lára nìyẹn.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má bàjẹ́, kí ẹni tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́ má ṣe sùn, kí o sì dàgbà ju orí kunkun yìí lọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Mojíre.

Mo tún rántí: Páàdì kejì ẹ̀rọ tuntun ti ṣubú sẹ́yìn bẹ́ǹṣì nígbà tí à ń dì í, a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Mi ò ní fi rán ẹnikẹ́ni. Ìwọ lo máa wá gbé e lọ fún Lágúnjú, kí o sì bẹ̀ ẹ́. Àníkẹ́ ti padà sórí àga. Ó ní kí n kí ọ, pé òun ń retí rẹ.