Ẹ̀kọ Ìyá Samiratou Ni Mo Ń Mu

Ẹ̀gbọ́n mi Augustin,

Ẹ kú àjò. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Libreville. Bàbá wa ń jẹun dáadáa, a sì ti hú ẹ̀gẹ́ oko Lagbé.

Àìsàn mi ò tíì lọ. Oríkèé ọwọ́ mi ṣì wú, bí oòrùn bá kàn mí lójú, awọ ojú mi á pọ́n yòò. Dókítà ní Porto-Novo ṣàlàyé pé ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara mi ló ń bá a jà. Ó ní òun ò lè búra, àmọ́ òórùn bẹntiróòlù tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá tà lè wà lára ohun tó jí àìsàn náà dìde. Mo ti pa epo títà tì.

Ẹ̀yin wá ránṣẹ́ pé àjẹ́ ni Ìyá Samiratou, ìyàwó bàbá wa, pé kí n má fẹnu kan oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Mo ń jẹ ẹ́! Ẹ̀kọ rẹ̀ ni mo mu láàárọ̀ yìí. Òun ló ń fọṣọ mi, torí ọwọ́ mi ò lè fún aṣọ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, fìlà tó fẹ̀ tó lè ṣíji bo ojú mi ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀sùn. Ọlọ́run á mú yín wálé láyọ̀. Tí ẹ bá dé, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà.

Ta ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀pá rọ́bà bọ kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n á fi ẹnu fa bẹntiróòlù jáde? Ẹ̀yin ni. Ṣé mo pè yín ní oṣó?

Àbúrò yín,
Albertine