Ohun Tó Ń Ṣe Àbúrò Mi Gan-an

                                        Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-ìwé,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn tó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n ń sanwó ẹkún fún? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti rọlẹ̀? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì ń ké, ọkọ mi ṣì ń hanrun.

Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún ọ nípa àbúrò mi, Eyínfúnjowó. Wọ́n ní ó ti gbẹ, pé àìsàn tí a kì í dárúkọ ló ń ṣe é. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló máa ń ròyìn jù. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo wà níbẹ̀.

O mọ̀ pé eré ìdárayá ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, inú oòrùn ló sì máa ń wà títí di ọ̀sán. Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí pẹ̀lú ìka tó le gan-gan, kò lè de okùn bàtà ara rẹ̀. Èmi ni mo ń bá a dè é, a sì ń fi ṣe ẹ̀rín pé mo tún ti di ìyá ọmọ jòjòló. Nígbà tó yá, ẹ̀rín ò wá mọ́. Irun rẹ̀ ń já sórí ìrọ̀rí. Ojú rẹ̀ pọ́n láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé èkejì, ó gba orí imú kọjá bíi labalábá tó na ìyẹ́. Ibà ń wá, ibà ń lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ọ̀gá ilé-ìwé ní ó ya ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju oríkèé lọ.

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, la gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, dókítà, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní lúpọ́ọ̀sì ni, ó sì ti kan kídìnrín.

Ó ní, “Tí kòkòrò àìsàn bá wọ ara wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń ránṣẹ́ síra wọn pé ọ̀tá dé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán yẹn ló ń mú ara gbóná, tó ń mú oríkèé wú. Tí ọ̀tá bá lọ, ó yẹ kó dáwọ́ dúró. Tìrẹ ò dúró. Oòrùn nìkan tó láti tún un ru sókè. Làwọn ẹ̀ṣọ́ bá ń bá awọ ara rẹ jà, wọ́n ń bá kídìnrín rẹ jà.”

Àbúrò mi wá bi í pé, “Ṣé ara mi kórìíra mi ni?”

“Rárá o. Ó ń gbèjà rẹ ni, kò kàn mọ ìgbà tó yẹ kó jáwọ́.”

Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Oògùn tí wọ́n fún un láti pa ariwo àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ ojú rẹ̀ di roboto. Ó ní òun ò mọ ẹni tó wà nínú dígí mọ́, ló bá ń ju oògùn nù láìsọ fún wa. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ tún wú, a tún padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ò bá a wí. Ó ní kó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ mọ́, pé díẹ̀díẹ̀ làwọn máa ń dín in kù.

Káfíńtà tó ń fẹ́ ẹ kò yẹsẹ̀. Ìyá káfíńtà náà ló ń bẹ̀rù; ife tí àbúrò mi bá fi mumi, Ìyá ò ní fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà ò bá ìyá rẹ̀ jà, ńṣe ló mú wọn lọ bá dókítà, ó ní, “Ẹ bi wọ́n fúnra yín.” Ìyá bá béèrè bóyá ó ń ràn. Dókítà ní, “Ìyá, kì í ràn rárá. Tí ẹ bá mu omi inú ife rẹ̀, omi lásán lẹ mu.” Bá a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo rí i pé Ìyá ti di àbúrò mi lápá mú.

Ní báyìí, ìtọ̀ ti mọ́, kídìnrín ti ń fara balẹ̀. Àìsàn náà ò tíì lọ o, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí ara ò ní gbé e dìde. Ilé-ìwé ti gbé eré ìdárayá sí àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Ó béèrè nípa ọmọ bíbí. Dókítà ní kí kídìnrín kọ́kọ́ sinmi dáadáa, kí wọ́n tó jọ sọ ọ́. Àbúrò mi ní kò burú, òun á dúró.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì kí ìyá rẹ dáadáa. Tí o bá pe Eyínfúnjowó, jọ̀ọ́, má bi í bóyá ara ti yá. Ìbéèrè yẹn ti sú u. Bi í pé kí ló ṣe lónìí. Á sọ ọ́ títí, ìwọ ni wàá bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí o lọ dáná.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbàgbé,
Pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí kò pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́.