Géètì Tí Mo Tì Létí Odò

Kí ẹnì kan kọjá kẹ̀! Níṣojú èmi Ladis? Àǹtí Adela, ẹ tiẹ̀ ń bi mí nírú ìbéèrè yẹn. Odindi ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo fi ṣọ́ géètì yẹn ní bọ́dà, kò sí ọmọ èèyàn kan tó gba iwájú mi kọjá. Ọmọ èèyàn ni mo wí o. Ti màlúù yàtọ̀, màá débẹ̀.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ooru Houston. Èmi ni mò ń kọ lẹ́tà oṣù yìí o, ẹ má wo bí ìlà rẹ̀ ṣe wọ́. Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún kan irin ààrò búrẹ́dì lọ́jọ́ Túsìdeè, wọ́n ti dì í, ó ti ń san. Wọ́n jókòó tì mí báyìí, wọ́n ń sọ ohun tí màá kọ, èmi náà sì ń fi tèmi sí i. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣàdúrà. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú títì onílà mẹ́jọ yẹn, ọ̀gá yín ò ní gbójú burúkú sí yín, lífítì ilé yín ò ní há mọ́ yín. Wọ́n ní kí n kọ ti lífítì lẹ́ẹ̀mejì. Lífítì ò ní há mọ́ yín. Àmín.

Ilé dáa. Bàbá ń kí yín, ikọ́ wọn ti lọ. Ajá aládùúgbò wa wá bímọ mẹ́fà sínú àpò ìyẹ̀fun tó ti tán nílẹ̀, a sọ fún gbogbo àdúgbò pé ajá dúdú bí ọmọ funfun, àfìgbà tá a wẹ̀ wọ́n.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwa ológun ìpínlẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wa là ń ṣe jẹun, ìgbà tí gómìnà bá pè wá la tó ń wọ káàkì. Ó wá pè wá pé ká lọ ran àwọn tó ń ṣọ́ bọ́dà lọ́wọ́. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí kálukú kọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ò ju ìka méjì lọ, ta ni wọ́n rò pé àwọn ń bá sọ̀rọ̀! Mo yí ìwé náà sẹ́yìn, mo kọ ọ́ kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn tó jáde yunifásítì kọ ìlà kan péré, àánú wọn ṣe mí. Ẹ sì ní kí n má fi ilé ìwé sílẹ̀.

Ti fóònù tí ẹ rà fún Màmá ńkọ́, àmì búlúù róbótó tó ń fi ibi tí mo wà hàn wọ́n lórí máàpù? Wọn ò fi ṣeré rárá. Wọ́n gbé fóònù náà sórí àwo, wọ́n gbé àwo sójú fèrèsé, torí mo ti sọ fún wọn pé oòrùn ibẹ̀ ń yan èèyàn bíi búrẹ́dì. Wọ́n ní kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí mi. Lọ́jọ́ tójò rọ̀, wọ́n fi aṣọ ìnuwọ́ bò mí. Mi ò sì lè sọ pé kò ṣiṣẹ́ o, mi ò ṣàìsàn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Sájẹ́ǹtì Teague, ọkùnrin gbọọrọ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ló mú mi lọ sórí ilẹ̀ Baba Eusebio Cantú. Màlúù ni baba yẹn ń sìn, ilẹ̀ rẹ̀ lọ títí dé odò, odò yẹn náà sì ni bọ́dà. Ọ̀nà tó ti odò wá gba àárín pápá màlúù, ó gba ẹnu géètì kan jáde sí títì. Sájẹ́ǹtì ní èmi ni mo ni géètì náà, pé tí ẹnikẹ́ni ò bá kọjá lọ́dọ̀ mi fún ọgbọ̀n ọjọ́, òun á rí i pé wọ́n fún mi ní okùn ìgbéga kan lápá.

Ìgbà tí mo débẹ̀, géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu! Àǹtí mi, nílé wa, ta ló ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀? Ẹ ṣáà rántí bí Màmá ṣe máa ń ju igi ìyíyẹ̀fun lu ẹni tó bá jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí ìyẹ̀fun tó ń wú lọ́wọ́. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni mí. Mo ti géètì gbàgà, mo fi ṣéènì dè é, mo fi àgádágodo tuntun sí i, mo ju kọ́kọ́rọ́ sínú bàtà mi ọ̀tún.

Nígbà tó dọ̀sán, àwọn màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí mi. Ogójì! Wọ́n tò síwájú mi, wọ́n ń wò mí lójú, wọ́n ń ké. Mo ní ẹ ò rí nǹkan, ẹranko gan-an mọ ológun gidi. Mo gbé ọwọ́ síwájú orí, mo kí wọn padà. Lọ́jọ́ kejì, igbe náà tún ju ti àná lọ, mo bá kọrin ijó póókà fún wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì yẹn náà ni mo gbọ́ gbàràgàdà. Àwọn màlúù ti wó ọgbà wáyà apá odò. Baba Eusebio gun ẹṣin dé, ó ń pè mí ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó ní ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni, pé nílẹ̀ àwọn, bó o bá ṣe bá géètì lo ṣe ń fi í sílẹ̀, ìbáà jẹ́ gómìnà fúnra rẹ̀ ló ń kọjá. Ọpọ́n omi màlúù wà lẹ́yìn géètì, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ mumi! Mo ní kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ sára géètì. Ó ní ṣé wọ́n ń kọ ọ́ sára ọmọ ni, pé kó má já oúnjẹ gbà lẹ́nu àgbà?

Mo sáré ṣí géètì, mo ju kọ́kọ́rọ́ padà sínú bàtà. Mọ́kàndínlógójì gba géètì kọjá wá mumi. Èyí tó kù, Paloma, màlúù àgbà tó ń ṣáájú agbo, ti wọ́dò, ó ti gòkè sí Mexico, ó ń jẹ koríko níbẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, Paloma padà wálé. Àwọn tó ń wá eégbọn lára ẹran etí odò tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n ń tú inú etí rẹ̀ wò. Sájẹ́ǹtì ní èèyàn ni wọ́n kọ sínú àṣẹ, wọn ò kọ màlúù. Ìwé mi mọ́ tónítóní! Lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, lẹ́yìn Máàsì, wọ́n á fún mi ní okùn náà nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Màmá ní ọwọ́ àwọn náà ló máa rán an mọ́ mi lápá, jíjó tó jó. Kò sẹ́ni tó wá ra kolache, búrẹ́dì aládùn wa yẹn, tí wọn ò tíì sọ fún pé ẹnì kan ò kọjá lójú ọmọ àwọn.

Wàhálà fóònù nìkan ló kù. Lọ́jọ́ Paloma yẹn, Màmá ń wo àmì búlúù lórí àwo, wọ́n ní ó wọ́dò, ó gòkè sí òdìkejì, ó sì dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Wọ́n gbé àwo àti fóònù sáré tọ Fádà lọ. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo ní irọ́ ni fóònù ń pa. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti dojú rẹ̀ dé sórí àwo, wọ́n ní ó ba ọmọ àwọn lórúkọ jẹ́. Wọ́n ní kí ẹ fi igba dọ́là ránṣẹ́, káwọn ra òmíràn tó mọ̀nà. Ẹ bá èmi náà ra bàtà ológun, nọ́ńbà mọ́kànlá. Ẹ má bi mí léèrè.

Màmá ní Ọlọ́run tó ń mú ìyẹ̀fun wú á mú ayé yín wú. Ohun tí ẹ bá dáwọ́ lé ò ní jóná lápá kan kó wà ní tútù lápá kejì. Ẹ ó wá sílé nígbà Kérésì, ẹ ó bá wa láyọ̀. Àmín.

Wọ́n ti sùn lọ lórí àga. Aago mẹ́ta òru ni wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun, ọwọ́ òsì nìkan.

Àǹtí mi, Paloma ò dá padà wá. Mo fi fóònù sínú fìlà, mo dé e, mo wọ́dò, omi dé mi láyà. Ẹrọ̀fọ̀ òdìkejì gba bàtà kan lẹ́sẹ̀ mi. Baba Eusebio ló ju okùn fa èmi àti màlúù lẹ́ẹ̀kan náà, ó rẹ́rìn-ín títí àkẹtẹ̀ rẹ̀ fi bọ́ sómi. Ó ní òun ò ní sọ fẹ́nì kan, pé bóun ṣe bá ẹnu òun ní títì lòun máa fi í sílẹ̀.

Ẹ má ra fóònù kankan. Tí Màmá bá jí, màá sọ fún wọn fúnra mi kí Sunday tó dé, kí wọ́n tó fi ọwọ́ jíjó yẹn di abẹ́rẹ́ mú. Fóònù náà ò purọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọjá bọ́dà ní gbogbo ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn. Èmi ni. Bàtà mi ọ̀tún ṣì wà ní Mexico, tòun ti kọ́kọ́rọ́ géètì.

Àbúrò yín,
Ladis Machala