Pàṣán Tí Bàbá Mi Fá Kó Dán

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi. Dolsoe tí wọ́n ń pè mí ní kékeré ti tó.

Lábúlé wa ní Kòríà láyé ọjọ́sí, yàrá olùkọ́ la ti ń kàwé. Bàbá tó bá mú ọmọ wá á gé ìdì pàṣán wá fún olùkọ́. Bàbá mi fá gbogbo kókó ara tiẹ̀ dànù.

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín: "Bàbá Dolsoe, èyí mà dán ju igi tí mo fi ń jẹ ìrẹsì lọ! Ṣé kí n na ọmọ yìí ṣá?"

"Ẹ nà án o, Olùkọ́. Kó ṣáà má dápàá sí i lára. Ìyá tó máa fomi gbóná jó ojú egbò fún un ò sí mọ́."

Ọjọ́ tí mo parí ìwé àkọ́kọ́, Olùkọ́ fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn pàṣán náà. Ó ṣì wà lábẹ́ ẹní mi. Mo ní kí wọ́n fi sí mi lọ́wọ́ tí wọ́n bá ń sin mí. Ìyàwó ọmọ mi ní ta ló ń gbé pàṣán lọ sọ́run.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá wa dá sí i. Mo ti dàgbà ju iye ọdún tí bàbá mi lò láyé lọ báyìí. Kí ló máa fi dá mi mọ̀ lọ́run?